Sítóòfù Tí Mo Dì Mọ́ Aṣọ Funfun

Èmi ni mo gbé kẹrosíìnì wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, nítorí mo mọ ara mi. Bí ẹ bá fún mi láyè, màá kọ́kọ́ ròyìn ojú ọjọ́, màá ròyìn báàgì, kí ẹ tó mọ̀, mo ti gbé ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn. Kẹrosíìnì wà nínú sítóòfù, sítóòfù wà nínú báàgì, aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tọ́jú pé kí a fi sin àwọn lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé sì wà lábẹ́ sítóòfù. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀. Epo pupa tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni mo yọ jáde, tí mo fi sílẹ̀ ní Lálúpọn ìlú wa.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé sítóòfù ni iṣẹ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, lẹ́yìn náà ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àtùpà àti sítóòfù ṣe. Mo ní ìsọ̀ onípáànù kan létí títì, kò jìnnà sí ibi tí mọ́tò Ìbàdàn ti ń kó èrò. Bí òwú sítóòfù rẹ bá jó tán, èmi ni wàá wá bá. Bí ìdí rẹ̀ bá ń jò, èmi náà ni. Màá fi òjé dí i, màá sì sọ fún ọ pé kò ní jò mọ́ títí ọmọ rẹ yóò fi lọ́kọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló gbàgbé pé kẹrosíìnì wà nínú sítóòfù.

Ó ku bí ọdún kan tàbí méjì kí a wọ àwọn ọdún tí wọ́n ń pè ní náíńtì. Ẹ̀gbọ́n mi ń yan gàrí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, iwájú agbada gàrí ni mo ti mọ̀ wọ́n sí. Ìyá wa kú kí n tó mọ ojú wọn dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí, ẹ̀yìn wọn ni mo wà tí wọ́n fi ń rin gbàgùúdá. Èéfín ti sọ ojú wọn di pupa. Aṣọ wọn, gèlè wọn, ìrọ̀rí wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń rùn èéfín. Bí wọ́n bá wọlé, imú mi á ti mọ̀ kí ojú mi tó rí wọn.

Ọkọ wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ oko, Ọlọ́runṣògo ní Ìbàdàn ló ń gbé. Òun ló ní dandan, ìyá òun gbọ́dọ̀ fojú rí Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í dá lọ nígbà náà. Ó gbọ́dọ̀ ní ọkùnrin tó bá a tan tí yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n wò yíká, èmi nìkan ni wọ́n rí. Ká ní ẹlòmíràn wà, mo mọ̀ pé wọn ò ní mú mi.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń ku gàrí, pé kí ni wọ́n fẹ́ mú bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo rò pé wọ́n á ní ẹ̀gbà wúrà tàbí eyín wúrà tí àwọn Àlájà fi ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Aṣọ ni."

"Irú aṣọ wo?"

"Bàfútà funfun. Láti ilé níbí ni màá ti mú un lọ. Màá fi omi Sámúsámù, omi kànga mímọ́ ibẹ̀, fọ̀ ọ́ fúnra mi, màá sá a, màá ká a bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, òun ni kẹ́ ẹ fi wé mi. Mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan mìíràn."

Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọ aṣọ eléèéfín, bó bá ní òun fẹ́ kan ṣoṣo tó mọ́, tí kò rùn, ta ni yóò ní ó ti pọ̀ jù?

Oúnjẹ ló wá di ìṣòro. Ọgbẹ́ wà nínú ikùn wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ata bá ta lu inú wọn, wọ́n á ká kò bí èékánná. Àwọn tó ti lọ rí sì sọ fún wa pé nínú ilé tí wọn ó kó wa sí lọ́hùn-ún, kálukú ló ń dáná fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé ohun ìdáná dání, yóò máa jẹ ohun tó bá rí lójú pópó. Nítorí náà, a ní láti gbé ilé ìdáná lọ láti Lálúpọn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí tí a fẹ́ gbéra, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé mọ́tò rẹ̀ dé. Ó gbé sítóòfù oníná dání, pẹlẹbẹ bí àwo, okùn dúdú kan so mọ́ ọn bí ìrù. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

Mo sún ìjókòó mi sẹ́yìn.

Ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí ohun tí iná mànàmáná lè ṣe. Ní Ẹgbẹ́dá, lójú mi kòrókòró, okùn iná já bọ́ lu ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ náà ò tilẹ̀ ké. Ó kàn dúró gbọnin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan, ó sì ṣubú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ilé tí iná wà, mo máa ń bẹ onílé kó bá mi tàn án. Màá ní ọwọ́ mi ò mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá," ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "kò le rárá. Ẹ ó ki orí okùn yìí bọ ihò ara ògiri, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó tán."

"Ó tán?" mo ní. "Ta ló tán? Èmi àbí iná?"

"Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ayé ló ń lò ó."

"Gbogbo ayé náà ló ń kú."

"Àwọn ìyàwó ilé ní Ọlọ́runṣògo ń fi se ìrẹsì láràárọ̀, wọn ò kú."

"Wọn ò tíì kú ni. Máa ka ọjọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Ìwọ, fi í sílẹ̀," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ò lè dáná, oúnjẹ á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Jẹ́ kó gbé èyí tó mọ̀."

Bí mo ṣe borí nìyẹn. Mo yan bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Mo lọ gbé sítóòfù kan wá láti ìsọ̀, aláwọ̀ ewé, olówùú mẹ́wàá, tí mo fi òjé dí ìdí rẹ̀ fúnra mi. Mo rọ kẹrosíìnì sí i, mo dán an wò lójú gbogbo wọn, iná rẹ̀ búlúù, kò rú èéfín. Mo pa á, mo ní kó tutù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń yan gàrí lábẹ́ ahéré kan. Àwọn náà ló máa ń wẹ òkú obìnrin fún gbogbo wa. Ẹnu wọn mú, ọwọ́ wọn sì rọ̀. Wọ́n wá bá wa so gàrí. Wọ́n dúró lórí mi bí mo ṣe ń to báàgì ńlá onílà pupa àti búlúù tí wọ́n ń pè ní Gánà-mọ́s-gò.

"Ìkòkò mélòó lo fẹ́ dì?" ìyá àgbà bi mí.

"Mẹ́ta."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ sìnkú níbẹ̀ ni? Yọ ọ̀kan." Wọ́n yọ ọ́ fúnra wọn. "Ọmọrogùn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"O ò ní rí ibi tí wàá ti ro nǹkan kan. Ìwọ tí ẹ̀rù okùn lásán ń bà."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bàfútà náà, ẹ̀gbọ́n mi ti fi gèlè àtijọ́ kan wé e. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ronú dáadáa kí n tó gbé e kalẹ̀. Ibi tí ìrònú mi dé nìyí. Mo ní sítóòfù gbọ́dọ̀ dúró lóòró, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi rírọ̀ jókòó. Mo tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo gbé sítóòfù jókòó lé e, mo fi àpò gàrí fún un lọ́tùn-ún, mo fi ìkòkò fún un lósì. Mo mi báàgì wò, kò mì. Inú mi dùn. Mo ti ń wo ara mi bí onímọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ mọ́tò, ó ti ń yí i padà lójúde, ló bá yọ orí lójú fèrèsé. Ó pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá! Ẹ má gbàgbé o! Wọn kì í jẹ́ kí epo wọ ọkọ̀ òfurufú! Ẹ yọ epo kúrò!"

"Màá yọ ọ́!" mo dáhùn.

Mo sì yọ ọ́. Ìgò epo pupa kan wà nínú báàgì, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi máa se ẹ̀wà wọn, epo tó mọ́ kedere, tí wọ́n fún fúnra wọn. Mo fà á jáde, mo gbé e fún ìyá àgbà.

"Ṣé epo yìí ló máa já ọkọ̀ òfurufú lulẹ̀?" wọ́n bi mí.

"Òfin ni."

"Ẹni tó ṣe òfin náà kì í jẹ ọbẹ̀ ni?"

"Ẹ gbà á, Ìyá. Ẹ bá wa jẹ ẹ́."

Ẹ dákun, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú mi. Ní Ìbàdàn, epo lè jẹ́ ohunkóhun. Mọ́tò ń mu epo, ilé epo wà létí títì, kẹrosíìnì náà sì ń jẹ́ epo lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, níbi tí ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kó tó fojú rí epo, epo ni epo. Kẹrosíìnì ní orúkọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá rán ọmọ Lálúpọn ní epo, tó ru kẹrosíìnì dé, wọ́n á nà án. Mo ti ro àwíjàre yìí fún ọdún púpọ̀. Ó dára, kò ní àléébù kankan, àfi pé kò fọ aṣọ.

N kò ní ròyìn ọkọ̀ òfurufú fún yín. N kò rí i. Mo di ojú mi láti ìgbà tó gbéra títí ó fi balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló di ọwọ́ mi mú, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n tẹ̀ lé mi, tí kì í ṣe èmi ni mo tẹ̀ lé wọn.

Ilé tí wọ́n kó wa sí ga. Àwọn obìnrin wà ní yàrá kan, àwa ọkùnrin wà ní èkejì, ilé ìdáná wà láàárín. Kí á tó gbé báàgì wa dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn ti ṣíwájú wa wọlé. Ẹni tó wà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé imú sókè. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ òórùn yẹn tó mi láyé. Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹrù àwọn ẹlòmíràn, mo ń wá ẹni tó ṣe é.

Ìgbà tí mo ṣí báàgì, ojú òjé tí mo fi dí ìdí sítóòfù ti là. Ojú ibi tí mo ní kò ní jò títí ọmọ yóò fi lọ́kọ. Gàrí ti di ẹrẹ̀. Ọkùnrin Lárúbáwá tó ń ṣọ́ ilé náà sáré dé, ó fi ìka méjì gbé sítóòfù mi jáde bí ẹni gbé òkú eku. Ọ̀rọ̀ tó sọ pọ̀, "Lá! Lá!", ìyẹn rárá, nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. N kò rí sítóòfù náà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló tú gèlè tí wọ́n fi wé aṣọ. Kẹrosíìnì ti wọ̀ ọ́ dé àárín. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ káàkiri, bí ibi tí ọmọdé tọ̀ sí lórí ẹní. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan wọn. Wọ́n ò pariwo.

"Ọmọ ìyá mi," wọ́n ní, "ṣé ọmọ yẹn ò ní kí o yọ epo ni?"

"Mo yọ epo."

"Èwo?"

"Epo ọbẹ̀."

Obìnrin ará Ìlọrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wá wo nǹkan! Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ kẹrosíìnì nínú kànga ló ru kẹrosíìnì wá! Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ tún ru iyanrìn dání ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ká aṣọ náà padà, wọ́n sì sùn tì í láìjẹun.

Wọ́n fi omi Sámúsámù fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ti pinnu. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n tún fi omi Sámúsámù ṣan án. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún fọ̀ ọ́. Èmi ni mo ń ru omi gun àtẹ̀gùn, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi rù ú. Orí òrùlé la ń sá a sí. Oòrùn ìlú yẹn kì í ṣe oòrùn eré, kí o tó ka ojú ìwé kan tán, aṣọ ti gbẹ koránkorán. Ó gbẹ omi, kò gbẹ òórùn. Àbàwọ́n náà ṣá díẹ̀díẹ̀ títí a ò fi rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé aṣọ náà súnmọ́ imú, sítóòfù mi wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ nígbà kẹta, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì gbé e fún mi pé kí n gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Ó ti lọ."

Wọ́n ní, "Má purọ́ níhìn-ín."

Oúnjẹ ńkọ́? Gàrí ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi búrẹ́dì bọ tíì gbígbóná, ọ̀sán àti alẹ́, títí inú rírun fi dá wọn dùbúlẹ̀. Obìnrin ará Ìlọrin yẹn ló ṣàánú wa. Ó bu ẹ̀wà díẹ̀ fún wọn, ó sì gbé sítóòfù rẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n fi sè é. Ẹ ti mọ irú sítóòfù tó jẹ́: pẹlẹbẹ, okùn dúdú bí ìrù. Ihò iná mẹ́ta ló wà lára ògiri ilé ìdáná yẹn, wọ́n ń wò mí bí ojú ejò.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè dìde lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n bá wọn tàn án. Mo ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà rọ́bà, mo ki ọwọ́ òsì mi bọ èkejì. Mo ki orí okùn bọ ihò, mo sì fò sẹ́yìn. Mo wá mú ọmọrogùn wa, igi lásán, mo nà án láti òkèèrè, mo fi orí rẹ̀ tẹ iná. Ìlò kan ṣoṣo tí ọmọrogùn náà rí ní Mẹ́kà nìyẹn. Ìyá àgbà sọ òótọ́, n kò fi ro nǹkan kan.

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní wọn, wọ́n ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ètè wọn fẹ́ ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dé ojú, ó padà. Wọ́n kọjú sí ògiri.

A padà sílé. Wọ́n di Àlájà. Èmi náà di Àlájì, ṣùgbọ́n ọmọ wọn kò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, nítorí náà Àlájì Kẹrosíìnì ni gbogbo ìkóríta ń pè mí. Bí wọ́n bá gbé sítóòfù wá fún mi, wọ́n á ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ epo kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan tí ènìyàn lè ṣe ju kó rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú aṣọ náà sínú àpótí onírin pẹ̀lú káńfọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé lọ́dọọdún, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé náà ni mo máa ń gbà lọ sí ìsọ̀. Bí mo bá rí funfun yẹn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo máa ń yà, mo máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tó jìn ju ìyẹn lọ. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti ìgbà tí a ti dé. Èmi náà ò tọrọ àforíjì. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la. Mo lè tún nǹkan tó jò ṣe fún gbogbo Lálúpọn, ṣùgbọ́n n kò lè jókòó níwájú agbada kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ ra bàfútà tuntun ní Ìbàdàn, mo fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í pamọ́ sórí àjà ìsọ̀ mi, níbi tí kẹrosíìnì kankan ò lè dé. Mo ní lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé, màá pàrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ náà sì ń bà mí ju ihò iná lọ. Ẹ gbọ́ àdúrà tí ẹ̀rù kọ́ mi: mo ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n ṣíwájú wọn kú. Mo pè é ní ìfẹ́. Irọ́ ni. N kò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí àpótí ni.

Ọlọ́run ò gbà á. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún náíńtì yẹn, ọgbẹ́ inú wọn ya. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dùbúlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń fẹ́ wọn ní abẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, kò bọ́ sílẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní kí n lọ bá wọn wò bóyá gàrí wọn ti gbẹ. Kí n tó dé, wọ́n ti kú.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ọjọ́ náà náà ni a ó sin wọ́n. Ọmọ wọn ti dé láti Ọlọ́runṣògo, ojú rẹ̀ ti wú. Àáfà wà lójúde. Ìyá àgbà ti wọlé lọ wẹ̀ wọ́n, ẹní ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí onírin wá sí ìta, ó ṣí i.

Káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn káńfọ̀ ni sítóòfù mi jáde. Ọdún mélòó? Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ náà gbé aṣọ sí imú, ó gbé e kúrò. Ó bú sẹ́kún. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èyí ni màmá mi máa wọ̀ lọ? Wọ́n á bi wọ́n lọ́hùn-ún pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀? Ìsọ̀ kẹrosíìnì?"

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. Mo dìde, mo lọ sí ìsọ̀, mo gbé bàfútà tuntun sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Funfun báláú. Mo gbé e wá. Mo tẹ́ méjèèjì sórí ẹní níwájú àáfà, tuntun lọ́tùn-ún, ti Mẹ́kà lósì.

Àáfà wo ọ̀kan, wọ́n wo èkejì. Wọ́n ní, "Kẹrosíìnì kì í ṣe nájísì, kì í ṣe ẹ̀gbin lójú ẹ̀sìn. Aṣọ náà mọ́. Ṣùgbọ́n òórùn dídára la máa ń wá fún òkú, tùràrí la fi ń fín in. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí ni kẹ́ ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Bí a bá mú tuntun, a jẹ́ pé òfo ni gbogbo ìrìn àjò yẹn, òfo ni omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ wá, a ò ṣe é. Bí a bá mú èkejì, èmi ni mo ń rùn lára wọn títí dé inú sàréè. Ọmọ náà na ọwọ́ sí tuntun. N kò dá a dúró. Kí n sọ òótọ́, ara mi fúyẹ́.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà ká ẹní ẹnu ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ wọn ṣì ń kán omi.

Wọ́n ní, "Gbé tuntun yẹn padà síbi tí o ti gbé e wá, ìwọ ọkùnrin yìí, o máa nílò ẹ̀ lọ́jọ́ tìẹ. Àlájà ti bá mi sọ ọ́ nídìí agbada. Ó ní aṣọ gbogbo àwọn tó ti Mẹ́kà bọ̀, ọ̀kan náà ni, funfun ni, funfun ni, tòun nìkan lòun lè dá mọ̀ nínú òkùnkùn. Ó ní bí ọjọ́ bá pé, tí ẹ bá ń ṣe iyèméjì, kí n fi imú wá a, pé ọmọ ìyá òun ló dì í fún òun."